Ìgò Omi Níwájú Aṣọ Síníma

Wọ́n ṣe ìrántí wòlíì ilé àdúrà tí mo dàgbà sí ní ọdún tó kọjá, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́ bí mo ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìwé dáradára ni, ojú ewé rẹ̀ ń dán. Àwòrán wòlíì náà wà níwájú: irùngbọ̀n funfun, sùtánà funfun, ọ̀pá lọ́wọ́. Mo jókòó, mo wọ awò ojú mi, mo sì kà á. Ní ojú ewé kẹrin, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ó gba àwọn òbí Odigbo níyànjú kí wọ́n rán àwọn ọmọbìnrin wọn lọ kàwé, àti pé ọmọ kan wà tí ó tipasẹ̀ àdúrà rẹ̀ di olùkọ́ àgbà.

Èmi ni ọmọ náà. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa ìwé náà dé. Oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi, mo jẹ ẹ́, nítorí ìrẹsì kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí n kò bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí n tó kú, irọ́ ni yóò di ìtàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán. Ó ku èmi, mo sì mọ̀wé kọ. Wòlíì náà mọ̀ pé mo mọ̀wé kọ. Ohun tó fà á nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí n lọ.

Odigbo ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní oko kòkó ní ọ̀nà Ago Alaye, ó sì ní ẹ̀gẹ́ díẹ̀ àti ọ̀pẹ díẹ̀. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣáájú mi. Nígbà tí èmi náà dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé mi lọ sí ilé àdúrà wòlíì yìí. Wọ́n fi omi wẹ̀ mí, wọ́n tan àbẹ́là yí mi ká, ara mi sì yá. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ ilé àdúrà náà. N kò dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ẹni tó ti sin ọmọ méjì, ibi tí ẹ̀kẹta ti dìde ni yóò máa kúnlẹ̀ sí.

Wòlíì náà kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Pákó ló wá là nínú igbó Ore, ayùn ló ń fà kí Ẹ̀mí tó pè é. Ó ga, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé bí ó bá ń kí ènìyàn lásán, àmín ni yóò máa wá sí onítọ̀hún lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: kò mọ̀wé. Ní ilé àdúrà bíi tiwa, ìran kì í lọ lásán. Bí Ẹ̀mí bá gun wòlíì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí ó máa kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, nítorí bí Ẹ̀mí bá ti fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í rántí mọ́, tàbí kí n sọ pé ó ní òun kì í rántí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a óò ka ìran ọ̀sẹ̀ náà sétí ìjọ, ẹni tó bá kàn yóò sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: ààwẹ̀, àbẹ́là méje, ìwẹ̀ lódò. Wòlíì fi òfin de ìwé náà gidigidi. A kì í fi rọ́bà pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, a kì í ya á, a kì í fo ìlà kankan nígbà tí a bá ń kà á. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé ìran, ó ti di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún ìjọ.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìran, torí pé èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú ìjọ tí ìwé yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe é. Ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún kọ ọ̀rọ̀ ènìyàn sílẹ̀ yóò mọ onítọ̀hún ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Mo rí i pé ẹni tó bá ń sá kòkó, oòrùn ni wòlíì máa ń rí fún un. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, òjò ni. Nígbà mìíràn, àwọn méjèèjì a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọn a jọ ṣe àmín. N kì í sọ̀rọ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ ni.

Ní ọdún kejì tí a gba òmìnira, mo jáde ní ilé-ìwé Mọ́dàn, mo sì yege ìdánwò ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa fúnra rẹ̀ ló fi kẹ̀kẹ́ gbé lẹ́tà náà wá sílé. Ìjọba ti ṣí ilé-ìwé káàkiri Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, olùkọ́ kò tó. Ó ní bí mo bá ti ń jáde ni iṣẹ́ ń dúró dè mí. Bàbá mi kò mọ lẹ́tà náà kà, ṣùgbọ́n ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Orúkọ mi wà níbẹ̀?”

“Orúkọ yín ló tẹ̀lé tirẹ̀, Bàbá,” ọ̀gá ilé-ìwé dáhùn.

N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé lẹ́tà náà lọ sí oko ní ọjọ́ kejì, ó fi han àwọn àtìpó tó ń bá a ṣiṣẹ́ kòkó, àwọn náà kò sì mọ̀wé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a wọlé nígbà tí Ẹ̀mí gun wòlíì ní ìsìn Ọjọ́rú. Mo tẹ́ ìwé sórí orúnkún.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” ó wí.

“Mo ń kọ ọ́, Bàbá.”

“Ọmọ tó di pẹ́ńsùlù mú, ti pẹpẹ ni. Bí ó bá kúrò ní ìlú yìí lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n pè é sí, ikú ń dúró dè é lọ́hùn-ún, bàbá rẹ̀ yóò sì sin ẹ̀kẹta. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbi pẹpẹ. Ọkọ tí Olúwa yàn fún un kò jìnnà sí i.”

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́. Mo rántí pé mo kọ “ẹ̀kẹta” dáadáa, mo fi àmì sí i bí wọ́n ti kọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ti di ìyá ìjọ nígbà náà, ló kọ́kọ́ ké àmín. Ohùn àmín náà ṣì wà létí mi. Obìnrin náà ti kú tipẹ́, mo lọ síbi òkú rẹ̀, mo wọ aṣọ tí wọ́n ní kí a wọ̀, ṣùgbọ́n n kò tí ì dárí àmín yẹn jì í.

Gbogbo ìjọ ló mọ ẹni tí kò jìnnà sí mi. Wòlíì ní ìyàwó méjì nílé nígbà náà, ibi tó sì dúró sí jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí mo kúnlẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyá mi kò jẹ́ kí bàbá mi bọ́ sùtánà tán. Yorùbá ìwé ni mo fi ń kọ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ tiwa ni wọ́n sọ, ó sì gbóná jù báyìí lọ.

“Bàbá ọmọ mi, ta ló fi hàn án?”

“Ọlọ́run ni.”

“Ta ni ọkọ tí kò jìnnà?”

“N kò mọ̀.”

“Ẹ mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹ lọ bi í.”

“Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kí n sin ẹ̀kẹta ni?”

Bí bàbá mi bá ti sọ̀rọ̀ yẹn, ìyá mi a dákẹ́, nítorí òun náà ló bí àwọn méjì tó lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá kí wa kú oríire.

“Ìyàwó wòlíì!” ó wí. “Orí àga ni yóò máa jókòó sí. Ẹlòmíràn ìbá máa jó kiri ìlú.”

Ìyá mi gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀, ó sì rọra wí pé, “Ìyá mi, ó mà dùn o. Ẹ̀yin náà sì ti ń ṣe opó láti ọjọ́ yìí. Ẹ ò ṣe fẹ́ ẹ fúnra yín?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò mu omi náà. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ kó tó tún tẹ ilé wa. Ìsinmi kan ṣoṣo tí mo ní nínú gbogbo ọ̀ràn náà nìyẹn.

Bàbá mi ti lẹ́tà mi mọ́ inú àpótí rẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi gbẹ. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé èmi náà gba ìran yẹn gbọ́ díẹ̀. Mo mọ bí wòlíì ti ń ṣe oòrùn àti òjò, síbẹ̀ bí mo bá ronú ibi tí wọ́n ní ikú ti ń dúró dè mí, n kì í lè sùn mọ́. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, ẹ̀rù ọkùnrin náà sì ń bà mí. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ sá fún.

Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí a wọlé, ọkọ̀ síníma ìjọba dé. Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó ń wá sí Ore. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ó yí Odigbo ká, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ sì ń kígbe:

“Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ní pápá ilé-ìwé ní Ore! Ẹ óò kọ́kọ́ wo bí a ti ń fín oògùn sí kòkó. Lẹ́yìn náà, ẹ óò wo ọkùnrin kan, ènìyàn lásán bíi tèmi tiyín, tí Ọlọ́run fi agbára rẹ̀ lé lọ́wọ́ fún ọjọ́ méje! Ọ̀fẹ́ ni o! Ẹ mú bàbá, ẹ mú ìyá!”

Kò sọ pé eré ẹ̀rín ni. Bóyá ó sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ ti yà lọ. Wòlíì dúró sójú ọ̀nà títí eruku ọkọ̀ náà fi rọlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lu agogo ìjọ.

“Ìjọba ti mọ̀,” ó wí fún wa. “Wọ́n ti rí iṣẹ́ tí àwa ń ṣe. Wọ́n fẹ́ fi aláṣẹ Ọlọ́run han aráyé.”

Ó ní kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí a wọ sùtánà, kí a má wọ bàtà. Ní ilé àdúrà wa, bí agbára bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, omi inú ìgò ni a fi ń gbà á lọ sílé fún aláìsàn àti aboyún. Nítorí náà ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé ìgò omi kan dání. Ó wá yíjú sí mi.

“Ìwọ, mú ìwé ìran. Gbogbo ohun tí wọ́n bá wí níbẹ̀ ni kí o kọ. Má fo ọ̀kan.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló gbà mí là, àṣẹ yìí ni n óò tọ́ka sí. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á.

Ọkọ̀ gẹdú tó ń padà lọ sí Ore lófìfo ló gbé wa. A tó ọgọ́ta, a dúró nínú rẹ̀, a ń kọrin, a di ìgò mú. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní pápá, àwọn awakọ̀, àwọn agégẹdú, àwọn àtìpó tó ti inú igbó Araromi-Obu wá, gbogbo wọn yíjú wò wá.

“Ta ló kú?” ẹnì kan béèrè.

Wọ́n ti so aṣọ funfun ńlá kan mọ́ òpó méjì. A to àwọn ìgò wa sí ẹsẹ̀ aṣọ náà ní ìlà mẹ́rin: ìgò ọtí líle, ìgò lẹmọnéèdì, ṣágo ńlá kan tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọkùnrin ìjọba náà jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ó wọ ṣòkòtò kakí péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti ìgò?”

“Omi ni,” ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn. “A fẹ́ kó wọ inú rẹ̀.”

“Kí ló fẹ́ wọ inú rẹ̀, Màmá?”

“Agbára.”

Ọkùnrin náà wo ìgò, ó wo ẹsẹ̀ wa lásán, ó wo wòlíì tó ti jókòó sórí àga níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo rí i tó gbé ẹ̀rín mì.

“Kò burú. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó dà sórí wáyà mi. Agbára tó wà nínú ìyẹn, ẹ ò ní lè gbé e délé.”

Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tan iná. A kọ́kọ́ wo ti kòkó. Wòlíì fi ọ̀pá tọ́ mi léjìká pé kí n kọ ọ́, mo sì kọ ọ́: pé kí a fín oògùn náà sára èso kí òjò tó pọ̀, kí a ká èyí tó ti dúdú sọnù. Lẹ́yìn náà ni eré bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ síníma ìgbà náà máa ń dín ohùn wọn kù, ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú ni yóò máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Kì í túmọ̀ rẹ̀ o. Ó ti wo eré náà débi pé ó ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ń ṣe ohùn ọkùnrin, ó ń ṣe ohùn obìnrin, ó ń fi tirẹ̀ sí i.

Òyìnbó tín-ín-rín kan wà tó ń tún agbòjò ṣe. Òjò kò rọ̀ ní ìlú rẹ̀, iṣẹ́ dá, ó dúró síta ó ń bú ojú ọ̀run. Arúgbó kan gbé agbòjò tó ti ya wá, ó bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, arúgbó náà sì ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni òun ń jẹ́: òun fún un ní agbára Ọlọ́run fún ọjọ́ méje. Òyìnbó náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìmọ́lẹ̀ sì yí i ká.

Gbogbo wa kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ké “Halelúyà!” Obìnrin kan sáré lọ ṣí ìdérí ìgò rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí òyìnbó náà fi agbára Ọlọ́run ṣe ni pé ó ní kí adìyẹ sísun dé sórí àwo òun. Adìyẹ dé, ṣùgbọ́n ààyè ni, ó sì sọ ọ́ nímú. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí a wọ funfun wà lórí ìkúnlẹ̀, a ń wo ara wa. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí a dìde.

Ó wá ní kí òjò máa rọ̀. Òjò rọ̀, àwọn ènìyàn tò síwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú agbòjò. Obìnrin alágbàfọ̀ tó wà nílé kejì wá sunkún pé aṣọ kò gbẹ, òyìnbó náà sì dá oòrùn sí àgbàlá rẹ̀ nìkan. Àgbẹ̀ dé, bíríkìlà dé, onílé dé, ayálégbé dé. Ó ń gé ojú ọ̀run fún wọn bí ẹni gé aṣọ. Láìpẹ́, aládùúgbò méjì ń fa ìkùukùu kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí ògiri.

Ọkùnrin ìjọ wa kan tó wà níwájú mi, ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni, yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ní kòkó. “Ìwọ rèé,” ó wí.

“Èmi kọ́. Ìwọ lo gba òjò tó ba kòkó mi jẹ́ lọ́jọ́sí.”

“Wọ́n rí i fún mi ni.”

“Wọ́n rí oòrùn fún èmi náà!”

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó ti inú sùtánà jáde ní ọjọ́ náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni eré ń lọ títí alágbàfọ̀ náà fi di ẹrù rẹ̀ pé òun ń lọ fẹ́ ọlọ́pàá kan ní ìlú mìíràn. Òyìnbó alágbòjò kò fẹ́ kó lọ. Ó fi aṣọ ìbusùn bora, ó gbé ọwọ́ sókè. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Kò sọ ju pé òun lá àlá, kó má wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ìjọba yìí ti yí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ká, ó ti rí wòlíì bí ẹní rí erùpẹ̀. Ó fi ohùn ńlá sọ ọ́:

“A fi hàn mí pé bí o bá lọ, ikú ni! Dúró síbí. Ọkọ rẹ ń bẹ nítòsí!”

Alágbàfọ̀ fọwọ́ lé ìbàdí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Ọkùnrin ìjọba sọ ohùn rẹ̀ di ti obìnrin:

“Ta ló fi hàn ọ́? Ṣé Ọlọ́run ni, àbí ojú tó o fi ń yọ́ mi wò láti ojú fèrèsé?”

Pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Àwọn agégẹdú ń ju fìlà sókè. Bàbá mi tó jókòó lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín débi pé ó tẹ̀ síwájú, ó di èjìká mi mú kó má baà ṣubú. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín náà dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ó ti dúró. Mo fi ìmọ́lẹ̀ aṣọ síníma kọ gbólóhùn náà sílẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Wòlíì dìde. “Iṣẹ́ èṣù ni èyí. Ẹ gbé ìgò yín.”

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tí ì mira. Awakọ̀ kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ dí wa lójú!”

Ó sì jókòó. Ìyẹn ni mo rí tó yà mí lẹ́nu jù lọ ní ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wòlíì pè mí. Ó ní kí n ya ojú ewé ọjọ́ Ẹtì kúrò. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní a kì í ya ìwé ìran.” Ó ní kí n fò ó nígbà náà. Kí n má parọ́: mo gbà. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi, mo ka ìran Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo sì pa ìwé dé. Ìgboyà kankan kò sí nínú mi.

Bàbá mi dìde ní ìhà àwọn ọkùnrin.

“Ti ọjọ́ Ẹtì ńkọ́?”

“Ìyẹn kì í ṣe ìran,” wòlíì dáhùn.

“Ẹ ní kó kọ ọ́, Bàbá. A gbààwẹ̀ sí i. A gbé omi lọ.”

Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ọjọ́sí ní, “Èmi ti mu nínú tèmi.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

“Kà á,” bàbá mi wí fún mi.

Mo kà á. Mo ka ti oògùn kòkó, mo ka ti adìyẹ, mo ka ti ìkùukùu. Mo ka ìbéèrè alágbàfọ̀, mo sì pa ìwé dé.

“Bàbá Wòlíì, ẹ má bínú,” bàbá mi wí. “Ìbéèrè tí obìnrin yẹn bi ọkùnrin yẹn, èmi náà fẹ́ bi yín lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Ta ló fi hàn yín?”

“Ẹ̀mí ni.”

“Ta wá ni ọkọ tí kò jìnnà? Ṣé ẹ̀yin kọ́?”

Bí ó bá ní òun kọ́, bàbá mi ìbá jókòó. Mo mọ bàbá mi. Ǹ bá máa gbé ní ilé àdúrà náà títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kó rí ọ̀nà.

“Bí Olúwa bá wá ní èmi ni ńkọ́?”

Ìyá mi ní, “Háà!” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí n kò mọ̀, ó sì ràn mọ́ bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, ẹ̀rín ọjọ́ Ẹtì gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi ń lọ sílé-ìwé,” bàbá mi wí.

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ!” wòlíì ké.

“Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bí i.”

A jáde. Kí a tó délé, bàbá mi jókòó sórí gbòǹgbò igi lẹ́bàá ọ̀nà.

“Má kú o,” ó wí fún mi.

“Mi ò ní kú, Bàbá.”

“Tí o bá kú, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Odigbo.”

Mo fẹ́ràn bàbá mi, ṣùgbọ́n n óò sọ èyí pẹ̀lú: ìbéèrè tó bi wòlíì, ìyá mi ti fi ọ̀sẹ̀ méjì bi í. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó di ìgbà tí àjèjì tó wọ ṣòkòtò péńpé fi í pa àwọn agégẹdú lẹ́rìn-ín kó tó wọ̀ ọ́ létí. Ìyá mi kò bá a sọ ọ́ rí. Èmi ni mò ń sọ ọ́.

Gbèsè kan sì wà tó jẹ́ tèmi. Kí n tó lọ, mo fi pẹ́ńsùlù akọ̀wé ìran lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, ó kéré sí mi ní ọdún méjì, ó mọ ìṣirò jù mí lọ. Inú mi dùn débi pé n kò kìlọ̀ kankan fún un. Kí a tó ká kòkó ọdún náà tán, ó ti di ìyàwó kẹta wòlíì. Àwọn ọmọ tó bí ló kọ ìwé pélébé yẹn. Bóyá ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni wọ́n kọ. Inú mi dùn pé kì í ṣe èmi ni wòlíì fẹ́. Mo mọ bí gbólóhùn yẹn ti rí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, n kò ní fi rọ́bà pa á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, àìsàn kọlù mí nínú kíláàsì. Orí ń fọ́ mi, òtútù ń mú mi lójú oòrùn. Mo mọ ohun tó dé. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá àwọn aláìsàn, mo dùbúlẹ̀, mo ń ro bí wọn yóò ti ránṣẹ́ sí bàbá mi, bí yóò ti jókòó sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan fi ọwọ́ kan ọrùn mi, ó wo ojú mi, ó wo ahọ́n mi, ó sì kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀.

“Kí ni ẹ kọ, Mà?”

“Ibà.”

“Ibà nìkan?”

“Ṣé ó kéré lójú rẹ ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dákẹ́, kí n gbé oògùn kíkorò náà mì, pé àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ mà le o. Mo gbé e mì. Mo yíjú sí ògiri, mo sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.